Ogójì Kíréètì Oníwúrà

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Gbèsè ṣáájú, kíkí lẹ́yìn. Mo jẹ Bàbá Ilé, ọkọ mi, ní 384,000. Mo kọ ọ́ síbí kó má baà sí àríyànjiyàn lọ́la. Owó ojú rẹ̀ ni. Dẹ́pò ọtí ò bá mi fa nǹkan kan, mo ti san gbogbo owó wọn, wọ́n sì ti já ẹrù sílẹ̀.

Ó yá, ìwé, o kú ọjọ́ mẹ́ta.

Bó ṣe jẹ́ rèé. Ọ̀gá Dẹ́pò yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún mi ní Sátidé pé bíà máa gbówó lórí ní Ọjọ́bọ̀. Oníwúrà (bí mo ṣe máa ń pe èyí tó ní bébà wúrà lọ́rùn) máa kúrò ní 9,600 kíréètì kan, á di 13,200. Ìgò méjìlá ló ń bẹ nínú kíréètì. Kúkúrú, èyí tí ìgò rẹ̀ rí rúbútú, tí ò sì wọ́n, díẹ̀ ló máa fi lé e. Mo ṣírò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Kí n ra ogójì kíréètì Oníwúrà níye àtijọ́, kí n tà á níye tuntun, ìgò kan 1,300. 624,000 nìyẹn. Èrè 240,000. Iṣẹ́ abẹ ojú kan 190,000, ojú méjì 380,000. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ni dókítà dá fún wa. Kó tó dìgbà yẹn, owó á ti padà, á ti bímọ.

Mo sọ fún Bàbá Ilé. Ó ní, "Ìwọ lo mọ ìṣirò." Ẹ̀wù tí mo fi kọ́ ara ilẹ̀kùn ló kọjú sí nígbà tó ń sọ ọ́. Ó rò pé èmi ni.

Ọjọ́bọ̀, 6

Owó gun òkè. Ọ̀gá Dẹ́pò ò purọ́.

Sátidé, 8

Èrò wá sí ilé ọtí mi. Gbogbo àga kún. Wẹ́dà ló kọ́kọ́ jókòó. Ogún ọdún ló ti ń mu Oníwúrà níwájú mi. Òun ló máa ń sọ pé omi tí wọ́n fi ṣan ìgò Oníwúrà ni wọ́n ń rọ sínú Kúkúrú. Ó béèrè iye, mo ní 1,300. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú bàbá rẹ̀. Ó wúkọ́ díẹ̀.

Ó ní kí n fún òun ní Kúkúrú kan, pé inú ń yọ òun lẹ́nu láti ìjẹta, nǹkan kíkorò ò bá òun lára mu mọ́.

Onígbàjámọ̀ pariwo látẹ̀yìn: "Inú ni àbí àpò?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wẹ́dà náà rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀ ra Kúkúrú méjì.

Oníwúrà 4. Kúkúrú 31. Mo ní ọjọ́ kan ò ṣeé fi ṣe ìdájọ́.

Ìṣẹ́gun, 11

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì àti Onífóònù — ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa — dá owó jọ, wọ́n ra Oníwúrà kan. Tíṣà fi bírò fàlà sí àárín ìgò. Ó ní kí Onífóònù mu apá òkè, kí òun mu apá ìsàlẹ̀.

Onífóònù ní ọrùn ìgò tín-ín-rín, ikùn rẹ̀ fẹ̀, àárín gígùn kọ́ ni àárín ọtí. Tíṣà bínú. Ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ kí n mu apá ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ìṣirò mu apá òkè."

Mo gbé ife méjì kalẹ̀, mo pín in fún wọn lójú ara wọn. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Wọ́n jókòó ti ife kọ̀ọ̀kan fún wákàtí méjì. Àga méjì, wákàtí méjì, ìgò kan.

Ẹtì, 14

Oníwúrà 1.

Ọjọ́ Ìsinmi, 16

Láti ìgbà tí Bàbá Ilé ti ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó, ìgò Oníwúrà kan ló máa ń mu nírọ̀lẹ́. Kì í mu méjì. Bó fẹ̀yìntì náà, kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ tí ẹrù ti dé ni kò ti béèrè. Mo rò pé ó gbàgbé ni.

Lónìí mo ṣí ọ̀kan fún un. Ó fọwọ́ pa ọrùn ìgò, ó kan bébà wúrà yẹn, ó rọra tì í padà sọ́dọ̀ mi. Ó ní èyíkéyìí tí òun bá mu, ojú òun lòun ń mu. Kì í ṣe pé ó bínú. Bí ẹni ń sọ aago tó lù ló ṣe sọ ọ́.

Mo ní mo ti ṣí i ná. Ó ní kí n wá ẹni tó máa rà á.

Onígbàjámọ̀ san 900. Ó ní gáàsì rẹ̀ ti ń lọ. Bàbá Ilé mu omi.

Ọjọ́rú, 19

Mo bá Bàbá Ilé nínú ìyàrá ẹrù. Ó ń fọwọ́ ka kíréètì, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìlà kan tẹ̀ lé èkejì. Eruku ti bo ìka rẹ̀. Ó ní ó ku mẹ́tàdínlógójì. Mo ní mẹ́rìndínlógójì ni. A tún un kà. Tirẹ̀ ló tọ̀nà.

Ẹtì, 21

Mo ń nu eruku ara ìgò ni mo rí i. Wọ́n tẹ ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ sí ẹ̀yìn ìgò, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí èèrà. 30 oṣù kẹrin. Mo yẹ òmíràn wò. 30 oṣù kẹrin. Mo yẹ kíréètì mẹ́wàá wò. Ọjọ́ kan náà ni.

Èmi tí mo máa ń yẹ páálí ìṣáná wò kí n tó sanwó.

Mo lọ bá Ọ̀gá Dẹ́pò. Ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ 400. Ó ní, "Màmá, ọjà tó bá ti jáde ní géètì mi ti di tiyín." Ó fún mi ní àga. Ó béèrè àlàáfíà Bàbá. Ẹrù tuntun wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń já a lọ́wọ́, ọjọ́ ara tiwọn di ọdún tó ń bọ̀.

Inú ọkọ̀ ló ti yé mi. Nítorí ẹrù tó fẹ́ tì kúrò nílẹ̀ kó tó bàjẹ́ ló fi yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún mi. Ọ̀rọ̀ owó tó máa gun, òótọ́ ni. Òótọ́ yẹn gan-an ló fi mú mi. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà.

N kò sunkún. Mo sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú tiwa, 50 dín nínú owó ọkọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 24

Mo lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Òun ló ń bójú tó ilé ọtí inú òtẹ́ẹ̀lì tó wà níwájú báǹkì. Ọtí ibẹ̀, tirẹ̀ ni, owó ìyàrá ló ń san fún onílé. Ọdún kẹfà rèé tí a ti ń kí ara wa bí aládùúgbò. Nígbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó wá yá ogún kíréètì òfìfo lọ́wọ́ mi, nítorí dẹ́pò kì í gbé ọtí fún ẹni tí kò bá kó òfìfo wá. Òfìfo ń bẹ lẹ́yìn ilé mi, òjò ń pa á. Mo ní ìgò mi kì í jáde láìsí owó nílẹ̀. Ó lọ ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ohun tí mo rò ni pé àwọn olówó ló ń jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á ṣì máa mu Oníwúrà. Kó gba ọgbọ̀n kíréètì lọ́wọ́ mi, iye tí mo rà á, n ò béèrè èrè.

Mo jókòó dè é, mo ń wò. Àwọn onímọ́tò kún ibẹ̀, kò sì sí ìgò kan lórí tábìlì. Jọ́ọ̀gù ni wọ́n fi ń gbé ọtí jáde. Mo wo inú ilé ìdáná. Kúkúrú ni wọ́n ń rọ sínú jọ́ọ̀gù. Ẹni tó wọ kóòtù kò fẹ́ kí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ rí orúkọ ara ìgò.

Àbúrò mi jáde. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀." Mo ro ẹjọ́ mi. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ní kí n máa bọ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn kan.

Àádọ́rin kíréètì. Bébà wúrà títí dé òkè àjà.

Ọ̀gá Dẹ́pò ti yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún òun náà. Sátidé kan náà.

Ó ní, "Ọmú kan náà la mu, Ẹ̀gbọ́n mi." A fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò jáde dáadáa.

Ó béèrè owó tí mo fi rà á. Mo ní owó ojú Bàbá Ilé ni. Ó béèrè pé ojú èwo, mo ní méjèèjì.

Ìṣẹ́gun, 25

Mo kọ 700 sára páálí, mo gbé e kọ́ iwájú ilé. Kúkúrú 600. Ọgọ́rùn-ún péré ló wà láàárín wọn. Mo ní wọ́n á ya bò mí.

Wọ́n wá. Wọn ò ya bò mí. Mo pe Wẹ́dà, mo ní ọ̀rẹ́ rẹ àtijọ́ ti padà dé. Ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó ní ó ti korò jù. Mo rò pé àwàdà ni. Ó gbé e fún Onígbàjámọ̀, ó sì ní kí n fún òun ní Kúkúrú.

Nígbà àkọ́kọ́, irọ́ ló pa. Lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe irọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ahọ́n ti yí.

Oníwúrà 18.

Ọjọ́bọ̀, 27

Oníwúrà 18. Bákan náà lánàá. Tíṣà ní ó dúró sójú kan bí ọmọ tí ò fẹ́ gun kíláàsì. Mo rẹ́rìn-ín fún un, oníbàárà ni.

Sátidé, 29

Agbaṣẹ́ṣe kan gbé ọkọ̀ ẹrù dé. Ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ó ní èrò òun ò ní wo ẹ̀yìn ìgò. Ó san 5,000 lórí kíréètì kan, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó kó mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, gbogbo èyí tó kù nílẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kó wọ ọkọ̀ ni mo béèrè ẹni tó júwe mi fún un. Ó ní ìyá tó wà nínú òtẹ́ẹ̀lì iwájú báǹkì ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lòun kọ́kọ́ lọ. Ìyá náà ní kí òun lọ kó ti ẹ̀gbọ́n òun ná, bí kò bá tó, kí òun padà wá.

Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó o.

Àádọ́rin kíréètì tirẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 1 oṣù kẹrin

Mo jókòó, mo ro owó náà pọ̀. Níye 1,300, ìgò 59: 76,700. Ti Onígbàjámọ̀, 900. Níye 700, ìgò 72: 50,400. Ti Agbaṣẹ́ṣe, 145,000. Gbogbo rẹ̀ 273,000. Ó dín ní 111,000. Mo kà á fún Bàbá Ilé. Ó ní ìṣirò náà tọ̀nà.

Èrè Kúkúrú la fi ń jẹun.

Mo ránṣẹ́ sí àbúrò mi pé mo dúpẹ́. Ó ránṣẹ́ padà pé kò tọ́pẹ́. Mo ránṣẹ́ pé òfìfo mi ń bẹ nílẹ̀, iyekíye tó bá fẹ́. Ó ní òun ti ní tòun.

Ọjọ́bọ̀, 3

A lọ sílé ìwòsàn ojú láti lọ sanwó. Akọ̀wé ní owó ti yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ojú kan 260,000. Mo ní 190,000 lẹ sọ fún wa. Ó ní, "Màmá, gbogbo nǹkan ló gbówó lórí." Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí èmi náà ṣe ń sọ ọ́ fún oníbàárà nìyẹn.

Mo san ojú kan. 13,000 ló kù, ti oògùn àti ọkọ̀.

Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà pé èwo ni kí wọ́n ṣe. Ó ní bákan náà ni méjèèjì rí, ohun funfun tó bò wọ́n ò ju ara wọn lọ. Èkejì lè dúró, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ jù, ó lè má ṣeé ṣe mọ́. Kí Bàbá yan èyí tó bá wù ú. Kí a sọ fún wọn ó kéré tán ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹtì, 4

Mo gbé àga mi sí iwájú Bàbá Ilé ní ìdájí, mo bi í pé èwo.

Ó ní, "Èwo ló wọ́n jù nínú wọn?"

Mo ní iye kan náà ni.

Ó mi orí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ti ọ̀tún, ó kọjú sí mi. Ó ṣí i, ó bo ti òsì. Ó tún bo ti ọ̀tún. Mo jókòó jẹ́ẹ́ kí ó lè wò mí dáadáa, bó bá jẹ́ èmi ló ń wò. N kò béèrè ohun tó rí.

Ó ní kí n jẹ́ kí òun rò ó. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n Ọjọ́rú ni iṣẹ́ abẹ, wọn ò ní gba èsì lẹ́yìn ọjọ́ Ajé.

Ó ní, "Ọjọ́ Ajé, nígbà náà."

Ọjọ́ Ajé ni mo ń retí.