Páálí Tó Yẹ Òròmọdìyẹ: Ìgbésí Ayé Màmá Dọ́káàsì Àbẹ̀ḿbí Ọmọ́níyì (1926–1989)

Ní Lálúpọn, ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1926, ni a bí Màmá Dọ́káàsì Àbẹ̀ḿbí Ọmọ́níyì, ẹni tí ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ pé jọ lónìí láti sin. Olóògbé Jeremáyà Adésànyà, gbẹ́nàgbẹ́nà, ni bàbá wọn. Olóògbé Ọláṣùmbọ̀, tó ń ta ewé ẹ̀kọ, ni ìyá wọn. Ọmọ kẹta nínú márùn-ún ni Màmá.

Ìwé mẹ́rin ni wọ́n kà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. Ní 1938, igi já lu ẹsẹ̀ bàbá wọn, apá ilé kò sì ká ilé-ìwé mọ́. Nígbà tó di 1944, wọ́n wọ iṣẹ́ ìdìwé ní ilé-ìtẹ̀wé kan ní Dùgbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ wọn ti mọ bébà: wọ́n lè di ojú wọn, kí wọ́n fi àtàǹpàkò ra etí bébà, kí wọ́n sì sọ irú èyí tó jẹ́.

Ọdún 1949 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Jósẹ́fù Ọmọ́níyì, akọ̀wé rélùwéè, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó máa ń fọ abọ́ fún ìyàwó rẹ̀ láìtijú ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Wándé, Títílọpẹ́ àti Wùnmí. Bàbá Ọmọ́níyì sùn nínú Olúwa ní 1979. Ní 1981, Màmá fi ilé-ìtẹ̀wé sílẹ̀, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ring Road, níbi tí wọ́n ti ń ṣe páálí bàtà, páálí kéèkì àti páálí ife fún ẹni tó bá fẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Oṣù kẹrin ọdún 1985 ni ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ yín mọ Màmá ṣẹlẹ̀. Àlàájì Àlíù Gbádérọ̀ ti Akóbọ̀, tó ní ẹ̀rọ tí ń pamọ bí adìẹ, wá béèrè páálí tí wọn yóò fi kó òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan lọ fún oníbàárà ní Bídà. Páálí funfun tó ń dán ni Àlàájì fẹ́, tí àwòrán àgbébọ̀ wà lára rẹ̀. Ó wu Màmá náà. Wọ́n ṣe é, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n kí mọ́tò tó dé Mọ́kwá, ìgbẹ́ àti èémí àwọn òròmọdìyẹ ti mú kí ìsàlẹ̀ páálí rin gbindin. Àwọn páálí tó wà lókè wó lu àwọn tó wà nísàlẹ̀. Nínú ẹgbẹ̀rún òròmọdìyẹ, igba ó lé méjìlá kú. Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù sì ti yà, torí pé inú páálí náà ń yọ̀ wọ́n.

Àlàájì gbé ọ̀kan nínú àwọn páálí náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà.

“Màmá Títí, ẹ wo ohun tí iṣẹ́ yín fi ojú mi rí. Agbọ̀n ni mo ń padà sí.”

Ojú ti Màmá gan-an, ṣùgbọ́n wọn kò wá àwáwí. “Ẹ̀bi mi ni, Àlàájì. Bó ṣe máa rí lójú ni mo wò, n kò bi ara mi léèrè ohun tó ń lọ sínú rẹ̀. Ẹ yá mi ní ogójì òròmọdìyẹ fún ọjọ́ méjì.”

“Ẹ fẹ́ pa ogójì kún un?”

“Tí ọ̀kan bá kú, mi ò ní ṣe páálí mọ́ láyé mi.”

Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ igbe òròmọdìyẹ lọ́jọ́ kejì. Màmá kó wọn sínú páálí oríṣi mẹ́ta, funfun, aláwọ̀ eérú àti aláwọ̀ ilẹ̀, wọ́n gbé bíríkì lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí, bí ẹni pé páálí mìíràn wà lókè rẹ̀, wọ́n sì jókòó tì wọ́n láìdìde jẹun. Kí ó tó di ọ̀sán, èyí tó ní àwọ̀ eérú, tó nípọn, tí gbogbo ènìyàn rò pé yóò borí, mu omi, ó sì tẹ̀. Màmá yára gbé bíríkì kúrò. Funfun ṣì ń yọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀. Aláwọ̀ ilẹ̀ fúyẹ́, bébà méjì ni, ohun tó ká bíi páànù ìbolé sì wà láàárín wọn. Òun nìkan ló dúró. Síbẹ̀, nígbà tí Màmá gé òmíràn tí ìlà àárín rẹ̀ dùbúlẹ̀, bíríkì kan ṣoṣo wó o. Nígbà tí ìlà náà dúró ṣánṣán, ó gbé mẹ́rin. Màmá pariwo “Halelúyà!” débi pé àwọn aládùúgbò sáré wọlé. Wọ́n pín inú rẹ̀ sí yàrá mẹ́rin kí àwọn òròmọdìyẹ má baà gun ara wọn, wọ́n lu ihò sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì fi ojú tí kò jọ̀lọ̀ ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Ogójì òròmọdìyẹ padà sí Akóbọ̀ láàyè.

Àlàájì wo páálí tuntun náà. “Èyí mà burẹ́wà o.”

“Òròmọdìyẹ kì í wo dígí, Àlàájì.”

Ẹ̀rín ló parí ìjà náà.

Ní oṣù kẹfà, nígbà tí ẹgbẹ̀rún òròmọdìyẹ mìíràn ń lọ sí Bídà nínú páálí tuntun náà, Màmá, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, jókòó sí iwájú mọ́tò pẹ̀lú Sàídì dẹ́rẹ́bà. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dúró ni Màmá ń sọ̀kalẹ̀ láti ki ìka bọ ihò páálí, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ooru ń mú àwọn òròmọdìyẹ. Sàídì sọ fún ẹbí pé, “Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ní kí n máa wa mọ́tò mi.” Nígbà tí wọ́n ṣí páálí ní Bídà, òròmọdìyẹ ẹgbẹ̀rún kan ó dín mẹ́rin ló ń ké. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sunkún ayọ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn olówò adìẹ ti ń wá láti gbogbo Ìbàdàn, títí dé Abẹ́òkúta. Ní 1987, obìnrin méje ló ń bá Màmá ṣiṣẹ́. Opó ni mẹ́rin nínú wọn. Màmá kọ́ wọn pé kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ, kí wọ́n bi oníbàárà ní ohun tó ń lọ sínú páálí náà àti bí ọ̀nà rẹ̀ ṣe jìn tó. Ìyá Ìjọ ni wọ́n nínú ìjọ Aládùúrà wọn ní Challenge, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ìyá tí kò lọ sílé-ìwé ní ìwé kíkà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n máa ń gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Ẹbí kò ní purọ́ nítorí pé Màmá ti lọ.

Àìsàn dé ní ìparí ọdún 1988. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún 1989, wọ́n pe Títílọpẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn: “Ọjọ́bọ̀ ni ẹyin Àlàájì máa pamọ. Ẹ ṣe páálí yẹn tán ná, kí ẹ tó máa sunkún.” Kí oòrùn tó kan àtàrí, Màmá ti sùn. Ní Ọjọ́bọ̀, ogún páálí jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Àlàájì fúnra wọn ló wá kó wọn.

Àwọn tó gbẹ̀yìn Màmá ni Wándé, Títílọpẹ́ àti Wùnmí, ọmọ wọn, àwọn ọkọ àti aya ọmọ, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, àbúrò wọn, Màmá Bọ́láwùmí, àti àwọn obìnrin méje tí ọ̀bẹ iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Àbẹ̀ḿbí, ọmọ Adésànyà ará Lálúpọn, ẹ kú iṣẹ́ o. Olúwa yóò dúró ti gbogbo ẹni tí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ sùn ire. Ó dàárọ̀, Màmá.