Mo Ti Gbé Sípíkà Màmá Lọ sí Ilé Ìdáná

Ọkọ mi oníwáyà,

Bí o bá dé tí o kò gbọ́ orin ní yàrá Màmá, má pariwo, olè kọ́. Èmi ni mo gbé sípíkà onígi ńlá yẹn lọ sí ilé ìdáná. Nínú gbogbo ẹ̀rọ orin àtijọ́ tí o tún ṣe, tí o pín káàkiri yàrá, èyí tó dùn jù lo gbé fún ìyá rẹ. Èyí tó ń dún bí eku inú páálí lo kọ́ sókè orí mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Alaalẹ́ lò ń lọ jókòó ti Màmá. Bí o bá ní mo ń jowú, o ò parọ́.

Láàárọ̀ yìí mo bi wọ́n bóyá wọ́n tiẹ̀ ń gbọ́ orin náà. Wọ́n ní, "Orin wo, ìyàwó mi? Etí mi ti di tipẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń dún, ọmọ mi á wá jókòó tì mí."

Mo tú wáyà, mo gbé e.

Má fọwọ́ kan ìdí ampilifáyà tó ń fún sípíkà lóhùn o, igi ìṣáná ni mo fi há wáyà náà. Má sì ti fèrèsé, ibẹ̀ ni wáyà gbà kọjá.

Mo ti lọ ṣọ́ọ̀bù. Àga méjì ni mo gbé sí ilé ìdáná, Màmá sì ti tètè gba ọ̀kan. Bí mo bá dé, kí n bá ọ lórí èkejì, èmi ni kí o sì kọjú sí.