Ariwo Àpótí Yín Láàárọ̀ Òjò

Màámi ọ̀wọ́n,

Láti ìjẹrin ni òjò ti ń rọ̀. Kì í ṣe òjò ńlá tó máa rọ̀, tó máa dá, tí oòrùn á sì yọ lẹ́yìn rẹ̀. Òjò wẹliwẹli ni, èyí tí ẹ máa ń pè ní òjò ọ̀lẹ, tí kò ní rọ̀ dáadáa, tí kò sì ní lọ. Gbogbo Ṣàgámù ṣú dùdù. Aṣọ tí mo fọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ṣì wà lórí okùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti ń rùn. Mo ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ó yẹ kí n dìde kí n tún un fọ̀, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí.

Ó rẹ̀ mí, Màámi. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ tó fi máa yé èèyàn. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́, torí pé mi ò ṣiṣẹ́ kankan. Mo lè sùn wọ ọ̀sán, kí n jí, kó tún rẹ̀ mí ju bó ṣe rẹ̀ mí kí n tó sùn lọ. Mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ibà díẹ̀ ló wà níbẹ̀, mo lo oògùn rẹ̀ tán. Ibà lọ, àárẹ̀ ò lọ. Gàní ọmọ yín ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù láti Èkó láràárọ̀, pé kí n jí ní aago márùn-ún, kí n mu omi gbígbóná, kí n rìn yí àdúgbò po. Gàní tí ẹ fi omi jí títí tó fi gbéyàwó. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti máa ń gbọ́ ọ tán, màá sì dá a lóhùn pé mo ti rìn dé. Irọ́ ni mò ń pa. Ẹ má bínú sí mi.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an ni mo fẹ́ sọ fún yín. Agbọ̀n obì mẹ́rin tí ẹ dì gbẹ̀yìn ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn. Gbànja tí a rà ní Akaka ni, tí àwa méjèèjì jọ bó, tí a jọ fọ̀, tí ẹ fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n fún. Ẹ̀yin lẹ so wọ́n lẹ́nu. Ẹ mọ bí ẹ ṣe máa ń ta kókó yín, tí ẹ máa ń ki imú okùn bọ abẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó tún ń ta á bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìsọ̀ olóbì. Nígbà tí a ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ yín tán, tí àwọn èèyàn lọ, mo wọ ibẹ̀ kí n ṣí wọn wò. Ọwọ́ mi kan kókó yẹn, mo sì fà á sẹ́yìn. Ó ṣe mí bíi pé tí mo bá tú u, ohun tí ọwọ́ yín ṣe kẹ́yìn láyé ti tú nìyẹn. Mo fi aṣọ yín kan bo agbọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ti ilẹ̀kùn.

Èmi ọmọ olóbì ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ o. Mo mọ̀ pé obì tí a ò ṣí wò, tí a ò pààrọ̀ ewé rẹ̀, tí a ò ṣa kòkòrò kúrò lára rẹ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa bàjẹ́, pàápàá lásìkò òjò. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Síbẹ̀ mo pa á dé, mo ní mò ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan, oṣù kan di méjì. Tí mo bá ń kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn náà báyìí, ṣe ni mo máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Tó bá ṣe pé ẹ wà ni, ẹ ti máa ta mí jí lónìí. Kì í ṣe pé ẹ máa pè mí. Ẹ ò pè mí rí láàárọ̀ òjò. Tí ẹ bá ti kírun Àsùbáà tán, ìró àpótí ìjókòó yín ni màá gbọ́, tí ẹ ń wọ́ ọ lórí sìmẹ́ńtì láti yàrá yín dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, gààrààrà, títí tí eyín á fi máa kan mí. Àpótí tí ẹ lè fi ọwọ́ kan gbé. Ẹ máa wọ súẹ́tà Bàbá tó ti ya ní ìgbọ̀nwọ́, ẹ máa fa agbọ̀n kan mọ́ra, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa obì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi á fi ìrọ̀rí bo etí. Mo rò pé èmi lẹ fi ń bú. Tí mo bá wá jáde pẹ̀lú ojú ríro, ẹ máa ya awẹ́ obì kan fún mi, ẹ máa jẹ ọ̀kan, ẹ̀yin tí ẹ kì í fi obì kan ẹnu lọ́jọ́ mìíràn. Ẹnu mi á korò, ojú mi á là, ọwọ́ mi á sì ti wà nínú agbọ̀n kí n tó mọ̀.

Ṣé ẹ rántí àárọ̀ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún yìí? Ẹsẹ̀ yín ti wú nígbà náà. Mo gbọ́ àpótí. Mo gbọ́ tí ẹ wúkọ́, tí ẹ tú agbọ̀n kan, tí ẹ tún so ó padà. Mi ò dìde. Mo ní ní ọjọ́ kejì màá bá yín ṣe gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn la gbé yín lọ sílé ìwòsàn, ẹ ò sì bá wa padà wálé. Ṣé ẹ retí mi láàárọ̀ yẹn, Màámi? Ṣé ẹ ya awẹ́ obì tèmi sílẹ̀?

Ibí ni mo kọ ọ́ dé lánàá tí ẹnìkan fi kan ilẹ̀kùn. Ìyá Ramọ́tà ni, ọ̀rẹ́ yín tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tiyín. Ó wá sọ fún mi pé Àlàájì tó máa ń kó obì yín lọ sí òkè ọya ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, àti pé tí kò bá bá nǹkan lọ́wọ́ mi, ẹlòmíì ló máa lọ bá, kò sì ní padà mọ́. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń fín imú sí òórùn tó ń ti yàrá ẹ̀yìn wá. Ó dìde, ó ṣí yàrá ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, ó ká aṣọ yín sókè, ó wo àwọn agbọ̀n náà fún ìgbà díẹ̀. Mo ti ń retí kó bú mi. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Ìwọ nìkan kọ́, ọmọ mi. Lọ́dún tí bàbá ẹ kú, ìyá ẹ pa obì dé báyìí títí gbogbo ẹ̀ fi bàjẹ́. Èmi ni mo bá a kó o dànù. Ní gbogbo àsìkò òjò ọdún yẹn, kò lè dìde. Ó lè jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì títí di ọ̀sán. Òun ló sọ fún mi pé òun ti rí ọgbọ́n kan dá: òun á máa wọ́ àpótí nílẹ̀, tóun bá ti gbọ́ ariwo ẹ̀, á jẹ́ pé òun ti dìde nìyẹn.”

Màámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ọmọ ọdún méje ni mí lọ́dún náà, ó yé mi pé ẹ ò lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n mo dàgbà lójú yín. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo rò pé ara tiyín yàtọ̀, pé kì í rẹ̀ yín, pé ọ̀lẹ ni mo jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ṣé gbogbo àárọ̀ òjò ló ń ṣe yín bẹ́ẹ̀? Ṣé títí dé èyí tó kẹ́yìn?

Mo tú àwọn agbọ̀n náà láàárọ̀ yìí. Mi ò gé okùn. Mo rọra tẹ̀ lé kókó yín padà sẹ́yìn, ó sì pẹ́, torí pé ẹkún ò jẹ́ kí n ríran. Agbọ̀n àkọ́kọ́ ti bu láti òkè délẹ̀, mo dà á nù sẹ́yìn kànga. Ìdajì ìkejì ti lọ. Kòkòrò ti wọ ìkẹta, mo ṣì ń ṣà á. Ìkẹrin ṣì dára, Màámi, ó pupa, ó ń dán, bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Ìyẹn la máa kó fún Àlàájì. Mo fi ewé tútù tẹ́ ẹ, mo so ó. Kókó tèmi ò rí bíi tiyín, ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú.

Mi ò ní parọ́ fún yín bí mo ṣe ń pa á fún Gàní. Ó ṣì rẹ̀ mí. Òjò ò tíì dá, mi ò sì tíì tún aṣọ yẹn fọ̀. Agbọ̀n ìkẹta ṣì kù fún ọ̀la, mi ò sì mọ bó ṣe máa rí lára mi tí ilẹ̀ bá mọ́. Mo ti gbé àpótí yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo sì fi awẹ́ obì méjì lé e lórí. Tí ẹ bá gbọ́ ariwo lórí sìmẹ́ńtì láàárọ̀ ọ̀la níbi tí ẹ wà, ẹ má dìde. Èmi ni.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ẹ sinmi dáadáa.

Àbígbẹ̀yìn yín tó fẹ́ràn yín.