Ilẹ̀ Ọparun Tó Wú Bí Ikùn Aboyún

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ìyàwó àti ti àwọn ọmọ le? Kí ibi tí o bá ń tẹ̀ má yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àmín. Àdúrà ti parí, ìjà ló kù.

Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti yọ̀ ṣubú lórí sìmẹ́ńtì yàrá, tí ìbàdí rẹ̀ fi yẹ̀, lo ti ń sọ pé o máa ra ohun ìtẹ́lẹ̀ yàrá tó dára fún wa. Mo rò pé kápẹ́ẹ̀tì ni. Àṣé ọparun ni! Ọparun tí mo fi ṣe ọgbà adìyẹ! O fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́ sórí fóònù pé kí n yan àwọ̀, mo yan èyí tó dà bí oyin, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ojú fóònù fi ṣókùnkùn, kí wọ́n lè mọ̀ lọ́hùn-ún pé ó dá mi lójú.

Nígbà tí páálí dé, káfíńtà tí àdúgbò ń pè ní Ẹ-Fara-Balẹ̀ ní kì í ṣe ọparun lásán, pé wọ́n là á wẹ́wẹ́ ni, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ di pákó. Mo ní ó dáa, kó tẹ́ ẹ. Ó ní rárá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sùn sí yàrá fún ọjọ́ mẹ́ta kí ara rẹ̀ lè mọlé. Ṣé ìyàwó tuntun ni? Èmi tí mo bí ọ, orí àga ni mo sùn kí pákó lè mọlé!

Nígbà tó tẹ́ ẹ tán, ó fi àlàfo bí ìka kan sílẹ̀ yí ògiri ká. Mo bi í pé ìyókù dà, ó ní pákó máa ń fẹ̀, kí n má fọwọ́ kàn án. Mo pè é lólè lójú rẹ̀. Bó ṣe kẹ̀yìn báyìí, mo po sìmẹ́ńtì, mo dí gbogbo rẹ̀ pinpin. Lọ́jọ́ kejì, mo da garawa omi méjì sí i, mo fọ̀ ọ́ bí mo ṣe ń fọ ilẹ̀ láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi da omi síwájú, òkè ni mo tẹ̀! Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àárín yàrá ti wú bí ikùn aboyún, ilẹ̀kùn ò ṣí mọ́, bàbá rẹ sì wà nínú ibẹ̀.

Olè tí mo bú náà ló gba ojú fèrèsé wọlé, ó yọ pákó mẹ́rin, ó fọ́ sìmẹ́ńtì mi dànù. Kò bú mi padà, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Ó kàn na ìwé inú páálí sí mi, ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká má da omi sí i, àti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni àwọn tó ṣe é ṣèlérí pé á fi wà láìbàjẹ́. Mo ní kó kọ̀wé sí wọn pé àgbàlagbà ni wá, a ò lè bá ẹnikẹ́ni ṣe irú ìlérí yẹn.

Bàbá rẹ ti ń rìn lórí ẹ̀ báyìí láìdi ògiri mú, ó ní kò tutù, kò sì yọ̀. Ṣùgbọ́n inú rẹ ń bí mi. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn há mọ́ ọn, orúkọ rẹ ló ń pè, kì í ṣe tèmi tí mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọdún kẹta rèé tí o ti wá sílé kẹ́yìn!

Owó pákó mẹ́rin tuntun tí káfíńtà fi dípò àwọn tó yọ la fẹ́. Má fi sínú fóònù o, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò níhò tí owó lè gbà jáde. Fọwọ́ ara rẹ mú un wá. Kí Ọlọ́run gbé ẹsẹ̀ rẹ lé ọ̀nà ilé, nígbà tí bàbá rẹ ṣì lè ṣílẹ̀kùn fún ọ.

Èmi ìyá rẹ.