Èmi àti Abẹ́rẹ́ Lọ Gun Ìgbì

Ọjọ́ Ajé, 5 Èbìbì

Abẹ́rẹ́ gbé pákó kan wálé lónìí tó ga ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ó gbé e ní ìdúró, kò wọlé. Ó gbé e ní ìdùbúlẹ̀, ó fọ́ gíláàsì iná ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kàn ń wò ó láti orí àga. Dókítà kan níbi iṣẹ́ wọn ló ń kó kúrò nílùú, ló bá tà á fún un ní ọ̀pọ̀. Pákó ìgbì ni. Wọ́n ń dúró lé e lórí, ìgbì òkun á máa gbé wọn bọ̀ ní èbúté — bí ẹni ń gun ẹṣin, àmọ́ ẹṣin tí kò ní ìjánu.

Òkun ò ju wákàtí méjì lọ sí wa nínú ọkọ̀ ojú irin. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbé ìlú yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo débẹ̀, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ fún Àbámẹ́ta ọjọ́ kẹrìnlélógún. Ó ní ṣé màá tẹ̀ lé òun. Mo ní kí n rò ó wò ná, kí n má bàa dà bí ẹni tó ti ń retí ìpè.

Mo ti ń retí. Abẹ́rẹ́ kì í ṣe ọmọ tí mo bí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí mo fẹ́ ìyá rẹ̀. Nísinsìnyí ó ti di nọ́ọ̀sì, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ìyá rẹ̀ sì ti pé ọdún méjì nínú ilẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bẹ̀rù ọjọ́ tí yóò di ẹrù rẹ̀, tí yóò ní ó dàbọ̀ o, Ọ̀gá Tìmùtìmù. Òun ló sọ mí lórúkọ yẹn, nítorí àga tí mò ń tún ṣe. Èmi náà sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ṣáà ni àwa méjèèjì ń ṣe — èmi ń gún àga, òun ń gún ìdí èèyàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Èbìbì

Ó ń sùn lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Mo yọ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wọn pákó náà. Ẹsẹ̀ bàtà méje àti íńṣì mẹ́ta. Ọkọ̀ ojú irin kì í gba ẹrù gígùn bí kò bá sí nínú àpò. Mo wo àpò tí wọ́n ń tà lórí fóònù: ojú rírán rẹ̀ ò dáa, sípì rẹ̀ rí bí eyín arúgbó. Màá rán tirẹ̀ fúnra mi. Tapólì tó ṣẹ́ kù lára àga ọkọ̀ akẹ́rù, fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ nínú, sípì méjì tó pàdé láàárín. Kò gbọdọ̀ mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 8 Èbìbì

Ọ̀sẹ̀ yìí, òun ń wọlé, èmi ń jáde. Fóònù la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ó kọ ránṣẹ́ pé obìnrin kan wà létí òkun tó ń kọ́ àwọn àgbà bí wọ́n ṣe ń gun ìgbì. Omi ìbàdí ni, kò jìn. Ṣé kí òun forúkọ mi sílẹ̀?

Ẹ̀rù omi ń bà mí. Kì í ṣe díẹ̀. Mo jókòó ti fóònù yẹn fún bíi wákàtí kan, èmi ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Nígbà tó yá mo tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, kí ọkàn mi má bàa yí padà:

Mo fe ko.

Ó fèsì: O daa. Mo dìde, mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù, èmi nìkan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Èbìbì

Mo tẹ́ fóòmù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, mo ń fò dìde bí àwọn tó wà nínú fídíò. Ẹ̀ẹ̀kíní: orúnkún kan dún. Ẹ̀ẹ̀kejì: ìkejì dá a lóhùn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà ni Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi sáré wọlé, òun àti oníbàárà tó ti fá apá kan orí rẹ̀. Wọ́n rò pé mo ṣubú ni. Mo ní mò ń dán fóòmù wò. Oníbàárà ní ṣé bí mo ṣe ń dán gbogbo àga wò nìyẹn. Mo ní kó lọ parí orí rẹ̀ ná.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Èbìbì

Abẹ́rẹ́ dákẹ́. Ó jẹun ní ìdúró. Mo ní ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni, ó ní rárá. Mo ní ṣé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́ níbi iṣẹ́ ni, ó ní rárá. Ó kí mi bí ẹni ń kí onílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Èbìbì

Mo bi í pé ọkọ̀ aago mélòó la máa wọ̀. Ó wò mí bíi pé mo ti gbàgbé nǹkan. Ó ní tíkẹ́ẹ̀tì kan lòun rà. Ẹyọ kan. Mo ní ó dáa — kí ni mo tún fẹ́ wí? Ó ti rò ó, ó rí i pé arúgbó á dójú ti òun láàárín àwọn ẹgbẹ́ òun. Kò burú. Ó dùn mí, àmọ́ kò burú.

Ọjọ́rú, 14 Èbìbì

Mo parí àpò náà. Kò sẹ́ni tí mo fi hàn.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Èbìbì

Mò ń nu tábìlì ni, lẹ́tà kan jábọ́ láàárín ìwé Abẹ́rẹ́. Mi ò ṣí i. Ẹ̀yìn àpòòwé ni mo rí: ilé-ìwòsàn kan ní ìlú etí òkun. Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ti ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, èmi ni mo tún jókòó tí mò ń rán àpò fún un.

Mo dá a padà sáàárín ìwé. Mo bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú ọkàn mi. Kò dá mi lóhùn. Nígbà ayé rẹ̀ náà, kì í dá sí ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ rẹ̀. Á ní ká lọ yanjú ẹ̀ láàárín ara wa.

Ọjọ́ Ajé, 19 Èbìbì



Mo gbé àpò lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Mo ní kó fi gbé pákó rẹ̀, èmi ò bínú. Ó ní bínú kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ̀! Mo ní ta ló kọ̀? Ohùn wa ti ń lọ sókè. Ó ní òun bi mí bóyá kí òun forúkọ mi sílẹ̀, mo sì kọ̀ jálẹ̀, mi ò sọ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí, mi ò tiẹ̀ pa irọ́ kékeré kan láti fi tù òun nínú. Ó gbé fóònù síwájú mi.

Mo fe ko.

Ó kà á sókè: mo fẹ́ kọ̀. Èmi náà kà á sókè: mo fẹ́ kọ́. A wo ara wa. A tún un kà. Mo ní ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn, ta ló ń ní òun fẹ́ kọ̀? Ó ní ẹ̀yin ni, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ̀rọ̀ bí ìwé! Èmi tí mò ń fàmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí, nítorí olùkọ́ kan tó fi pàṣán kọ́ wa pé ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀. Mi ò mọ ibi tí wọ́n kó àmì sí lórí fóònù. Ọjọ́ mọ́kànlá la fi ń yan odì nítorí ìlà kékeré kan.

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lójú ọ̀nà. Ó ní láti ìgbà tí ìyá òun ti kú lòun ti ń rò pé ojú ló ń tì mí, pé mi ò mọ bí mo ṣe máa ní kí òun kó jáde. Mo ní ṣé orí ẹ dàrú ni? Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn gan-an.

Ó fi pákó sínú àpò. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Ti lẹ́tà, mi ò dárúkọ rẹ̀. Òun náà ò dárúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Èbìbì

Tíkẹ́ẹ̀tì kejì ti dé. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Ó ti wo ojú ọjọ́: atẹ́gùn díẹ̀, ìgbì kékeré, omi á máa kún títí di ọ̀sán. A máa sun òru kan lọ́hùn-ún. Mo ra ṣòkòtò ìwẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti dé etí Onígbàjámọ̀. Mo jókòó kó gé irun mi, ó ní: "Ọ̀gá, ṣé ẹ kọ́ ni àbí ẹ kọ̀?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Èbìbì

Òkun! Mi ò lè kọ ọ́ tán.

Olùkọ́ wa kò tíì dàgbà tó àlùmọ́gàjí mi. Ó ní kí n má wo ẹsẹ̀ mi, ibi tí mò ń lọ ni kí n máa wò. Ìgbì àkọ́kọ́ gbá mi létí. Ìkejì bọ́ ṣòkòtò mi dé ìdajì, mo dúpẹ́ pé omi dàrú. Iyọ̀ tí mo mu á tó mi di ọdún tó ń bọ̀. Mi ò ní purọ́, ẹ̀rù bà mí: nígbà tí ilẹ̀ yọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, Abẹ́rẹ́ ni mo kígbe pè, kì í ṣe Ọlọ́run. Ó ti dì mí mú kí n tó pè é tán.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, mo fi orúnkún dúró. Orúnkún o, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ìgbì náà rọra gbé mi sórí iyanrìn bí ẹni gbé àga tuntun wọlé. Abẹ́rẹ́ ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú omi, ó ń pariwo Ọ̀gá Tìmùtìmù! Ọ̀gá Tìmùtìmù!, títí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wà níbẹ̀ fi gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Lẹ́yìn náà òun lọ síbi tó jìn. Ó dúró ṣánṣán lórí omi. Láti ẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ ni. Mo jókòó sórí iyanrìn, inú mi dùn débi tí mo fi sunkún. Ẹni tó bi mí, mo ní iyọ̀ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 25 Èbìbì

Nínú ọkọ̀ ojú irin ló ti sọ ọ́. Ilé-ìwòsàn inú lẹ́tà yẹn fẹ́ kó wá ṣe olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ó gbọ́dọ̀ fèsì kó tó di Ọjọ́bọ̀. Nítorí rẹ̀ ló ṣe fẹ́ kí n bá òun lọ: ó fẹ́ kí n fojú ara mi rí ìlú náà. Ó ní bí mo bá ní kí òun dúró, òun á dúró, òun ò sì ní dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọdún méjì nìyẹn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Kí n ṣáà ti ní kó dúró. Mo wo ojú fèrèsé títí. Oko, oko, ilé, oko. Mo ń rí bó ṣe dúró lórí omi yẹn.

Mo ní: mi ò fẹ́ kí o lọ. Máa lọ.

Ó ní èwo ni kí òun gbọ́ nínú méjèèjì. Mo ní kó gbọ́ méjèèjì.

Ó gbórí lé èjìká mi, ó sùn. Èmi náà sùn. Ọkọ̀ gbé wa kọjá ìlú wa ní ibùdókọ̀ mẹ́ta.

Ọjọ́rú, 28 Èbìbì

Ó ti fèsì. Ó pè wọ́n ni, kò kọ ọ́ ránṣẹ́. Ó ní òun ti kọ́gbọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Òkúdù

Ó kó lọ. Pákó, àpò, báàgì méjì, ìkòkò ìyá rẹ̀ tó ku etí kan. Mo bá a gbé wọn dénú ọkọ̀. Ilé yìí tóbi jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Òkúdù

Mo jẹun ní ìdúró.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Òkúdù

Ó pè lọ́sàn-án. Ó ní ìgbì kékeré ni lọ́la, olùkọ́ sì ń béèrè bàbá olórúnkún. Ó ní òun ti ra àga ogbólógbòó kan tí ìjókòó rẹ̀ ti jìn, òun ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo Àbámẹ́ta, torí ọjọ́ yẹn làwọn èèyàn ń ráyè gbé àga wá. Mo gé páálí kan. Mo kọ ọ́ gàdàgbà, mo kàn án mọ́lẹ̀kùn: Ẹ MÁ BÍNÚ. MO LỌ SỌ́DỌ̀ ỌMỌ MI. Ó DI ỌJỌ́ AJÉ.

Onígbàjámọ̀ jáde wá kà á. Ó tún un kà. Ó ní Ọ̀gá, ìgbà wo lẹ tiẹ̀ bímọ?

Mo ní ó ti pẹ́.