Páàdì Tó Ń Fà Sí Òsì

Ìyá àwọn ọmọ mi, ọdún mẹ́ta pé lónìí tí o ti lọ. Ọdún mẹ́ta, ilé yìí kò tíì gbà pé o kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Àga rẹ ṣì dojú kọ tẹlifíṣọ̀n. Aṣọ ìnura tí o máa ń tẹ́ sí apá rẹ̀, kí òróró irun má bàa bà á jẹ́, ṣì wà níbẹ̀. Mo kàn ń fọ̀ ọ́ ni, tó bá gbẹ, mo ń dá a padà sáyè rẹ̀.

Jẹ́ kí n ròyìn ilé fún ọ. Mo ti kan àjà pálọ̀ tán, èyí tí o ń rán mi létí rẹ̀ lójoojúmọ́ títí ó fi sú ìwọ fúnra rẹ. Àkọ́bí wa ti di ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ohùn tó sì fi ń pàṣẹ fún mi lórí fóònù, ohùn rẹ gan-an ni. Agbedeméjì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó ti gbéyàwó, ó sì ti sanra. Àbíkẹ́yìn ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ. Àwọn oníbàárà rẹ kò lọ síbòmíràn. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ le ju tìrẹ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n irun tó bá dì máa ń pẹ́ lórí. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà ló ń gbé.

Gbogbo wọn ti lọ tán. Èmi nìkan ló kù, èmi àti àwọn fíríìjì tí mo ń tún ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. Fíríìjì kì í báni sọ̀rọ̀. Èyí tó bá ń kùn nínú wọn, àìsàn ló ń ṣe é.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ, má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ti ń gbá géèmù.

Ẹ̀yin lẹ ni ín nígbà náà, ìwọ àti àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní títì. Páàdì mẹ́rin tí ẹ fi ń darí géèmù, èèyàn márùn-ún. Èmi ni n kò ní páàdì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó sẹ́yìn yín, kí n máa dá sí ohun tí kò kàn mí. N kò sì ráhùn rí. Ẹ̀yìn orí yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ń wò, ó sì dùn mọ́ mi ju ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ẹ ó ju dáìsì, ọmọ ayò kálukú á rìn, ẹni tó bá dé ibi tí ìràwọ̀ wà á fi owó géèmù rà á, ẹni tí ìràwọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí. Bí gbogbo yín bá ti rìn tán, géèmù á gbé eré kékeré kan kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń yan irú èyí tó bá wù ú. Ẹ ti sọ wọ́n lórúkọ. Kálukú-ṣe-tiẹ̀ kò ní wàhálà, ẹni tó bá borí á gba owó díẹ̀, ẹni tó bá fìdí rẹmi kò pàdánù nǹkan kan. Méjì-sí-méjì le ju ìyẹn lọ, torí bí ẹnì kejì rẹ bá ṣubú, ìwọ náà ti ṣubú nìyẹn. Tí Àkọ́bí àti Agbedeméjì bá ti bọ́ sápá kan náà, wọn kì í sọ̀rọ̀ síra wọn mọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìpèníjà ló burú jù. Ẹni tó bá pè ọ́ níjà lè gba odidi ìràwọ̀ lọ́wọ́ rẹ. O gba ti Àbíkẹ́yìn lọ́jọ́ kan, ọmọ náà bú sẹ́kún, o ní nínú Ìpèníjà, kò sí ìyá, kò sí ọmọ.

Ṣùgbọ́n Ọ̀kan-sí-mẹ́ta, tìrẹ ni. Ẹnì kan ṣoṣo á wà lórí katakátá, àwọn mẹ́ta yòókù á máa fẹsẹ̀ sá lórí pápá tóóró. Bí ẹni tó dá wà bá tẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lẹ̀ kí agogo tó lù, owó gbogbo wọn di tirẹ̀. Bí ẹyọ kan péré bá kù lóòró, àwọn mẹ́ta ló borí. Tí géèmù bá ti yàn ọ́ pé kí o dá wà, wàá ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga. Wàá tẹ Àkọ́bí mọ́lẹ̀, wàá tẹ Agbedeméjì mọ́lẹ̀, wàá wá kọjú sí Àbíkẹ́yìn ní igun tó há sí. Katakátá á sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà gbogbo. Àwọn méjì yòókù á ní ojúsàájú ni. Ìwọ á gbé páàdì sókè bí ẹni tó fẹ́ pe ẹlẹ́rìí: "Páàdì mi ló ń fà sí òsì." Mo ní kí n bá ọ tún un ṣe, o ní kí n gbé ọwọ́ oníṣẹ́ fíríìjì mi jìnnà sí páàdì rẹ.

Nígbà tí o lọ, tí àwọn ọmọ náà sì lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo tan géèmù náà. Èèyàn mẹ́rin ló ń fẹ́. Bí wọn kò bá pé, kọ̀ǹpútà á gba àyè àwọn tí kò sí. Bí èmi ṣe di ẹni tó ń bá kọ̀ǹpútà mẹ́ta ṣeré nìyẹn. Wọ́n mọ̀ ọ́n gbá. Wọn kì í bú mi, wọn kì í purọ́, wọn kì í dìde lọ mu omi. Bí wọ́n bá borí, wọ́n á fò sókè díẹ̀, wọ́n á sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, torí kí ilé má bàa dákẹ́ ni mo ṣe tan géèmù.

Ní ọdún tó kọjá, mo gbé páàdì rẹ lọ sórí tábìlì iṣẹ́ mi, mo tú u palẹ̀. Mo ti ọ̀pá kékeré rẹ̀ sí òsì, mo tì í sí ọ̀tún, mo fi mítà wò ó. Kò sí ohun tó ṣe é. Kò fà síbì kankan rí láyé rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, nígbà tó yá, kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Mo dì í padà, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Láti ìgbà tí ilé ti ku èmi nìkan ni àwọn ọmọ ti ń bẹ̀ mí pé kí n kúrò nínú ilé yìí, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ Àbíkẹ́yìn, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Òun gan-an ló ń bẹ̀ mí jù. Mo ń fi àwọn fíríìjì ṣe àwáwí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn yìí, tí mo sì lọ, ó ń ṣe mí bíi pé ìwọ ni mo tì mọ́ inú ilé.

Wọ́n wá lónìí torí àyájọ́ rẹ. A jẹun tán, Àkọ́bí gbé páàdì lé wa lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pín oògùn, tìrẹ ló kàn mí. Ó ní, "Bàbá, kí géèmù yìí bá wa parí ẹ̀. Tó bá yàn yín fún Ọ̀kan-sí-mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá na wá, a ò ní sọ ọ̀rọ̀ ilé mọ́ láéláé. Táwa bá nà yín, ẹ máa palẹ̀ ẹrù yín mọ́." Kíá ni mo gbà. Wọn kò mọ̀ pé mo ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ó pẹ́ kó tó kàn mí, ṣùgbọ́n ó kàn mí, lórí katakátá. Mo kọ́kọ́ tẹ Agbedeméjì mọ́lẹ̀. Ó pariwo, "Ta ló kọ́ bàbá yìí?" Mo tẹ Àkọ́bí tẹ̀ lé e. Ó wá ku Àbíkẹ́yìn ní igun, kò sì sá mọ́. Mo bojú wẹ̀yìn. Ó ti gbé páàdì sórí itan, ó ti ká ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, èmi ló ń wò.

Ó ní, "Ẹ tẹ̀ mí, Bàbá. Tó bá jẹ́ ibí ló wù yín."

Ẹni tó ń bẹ̀ mí jù pé kí n máa bọ̀, òun ló fi ilé lé mi lọ́wọ́ yẹn. Mo kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Àtàǹpàkò mi wà lórí ibi tí àtàǹpàkò tìrẹ ti jẹ dán. Katakátá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó lọ kọ lu ògiri. Agogo lù.

Agbedeméjì ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ó mà wà níwájú yín."

Mo gbé páàdì sókè. "Páàdì màmá yín ló ń fà sí òsì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Àkọ́bí fi ọwọ́ bojú.

Wọ́n ti padà sílé wọn báyìí, ilé ti tún dákẹ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Agbedeméjì á gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá. Àga rẹ ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, pẹ̀lú aṣọ ìnura rẹ̀. Páàdì rẹ wà ní àpò mi. Mo fẹ́ràn rẹ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ nígbà tí mo ń wo ẹ̀yìn orí rẹ. Àárò rẹ ń sọ mí, ìyá àwọn ọmọ mi, ó ń sọ mí lójoojúmọ́, kò sì sí páàdì tí mo lè di ẹ̀bi èyí rù.