Funfun Tó Wà Lójú Babátúndé

Bàbá mi tí mò ń ṣàárò,

Ọmọ tó wà nínú mi lọ́jọ́ tí a sin yín ti dáyé. Ọkùnrin ni, a sì sọ ọ́ ní Babátúndé. Ṣé ẹ rántí funfun tó bo ẹyinjú yín nígbà tẹ́ ẹ dàgbà, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ lẹ fi ń yẹ àǹkárá wò ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ yín ní àdúgbò Hamdalaye? Irú rẹ̀ gan-an ló gbé wáyé. Nígbà tí Màmá àti àwọn àbúrò yín obìnrin rí i lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹkún ayọ̀ ni wọ́n bú sí. Ojú Bàbá ló gbé padà wá! Màmá kúnlẹ̀ kí i káàbọ̀. Èmi náà ń yọ̀. Ta ló máa gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ọsibítù nítorí pé ó padà wálé?

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó, kò sì tíì wo ojú mi rí. Ìgbà yẹn ni mo tó pọ̀n ọ́n, tí mo gun mọ́tò lọ bá dókítà ojú ní Koulouba.

Dókítà ṣàlàyé fún mi. Nínú oyún, àwọn purotéènì kan wà tó máa ń jíṣẹ́ láti ẹ̀yìn ojú fún àwọn sẹ́ẹ̀lì iwájú: kí wọ́n gùn, kí wọ́n tò ti ara wọn, kí wọ́n mọ́ gaara, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú wọn kọjá. Ní ti Babátúndé, iṣẹ́ náà kò dé bó ṣe yẹ. Tiyín yàtọ̀ pátápátá, ogbó ló fà á. Ká ní a tètè gbé e wá ni, wọn ìbá ti yọ funfun náà kúrò. Ní báyìí, bí wọ́n tilẹ̀ yọ ọ́, ọpọlọ rẹ̀ kò kọ́ bí a ṣe ń ríran. Dókítà ò jẹ́ kí n retí ohun púpọ̀.

Bàbá, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ẹ bá rán mi sí oníbàárà yín ní Paspanga, ẹ máa ń tún pè mí padà láti etí títì pé kí n tún iṣẹ́ náà sọ. Inú máa ń bí mi nígbà yẹn. Ta ni ìbá bá mi pe purotéènì yẹn padà?

Màmá ṣì ń kúnlẹ̀ fún un. Babátúndé máa ń yí orí síbi tí ohùn ti wá, á wá rẹ́rìn-ín sí ògiri. Ṣé ẹ̀yin ni? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí ló dé tí ẹ tún gbé òkùnkùn yẹn padà wá? Tí kì í bá sì ṣe ẹ̀yin, a jẹ́ pé ẹ ti lọ tán, a sì ti fi ojú ọmọ mi kí yín káàbọ̀ lásán.

Mo fẹ́ràn yín síbẹ̀.

Ọmọ yín obìnrin